Ilé Ilẹ̀ ní Bàrígà, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ṣómólú

Oṣù mẹ́ta ni onílé wa fún wa. Ó fẹ́ wó ilé náà kó sì fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò bá wa jà, kò sì pariwo. Ó kàn jókòó sórí àga tí ìyàwó mi fi ń ránṣọ, ó mu omi tútù, ó sì ní kí a máa wá ibòmíràn lọ. Yàrá méjì la ní níbẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní àdúgbò Pedro, ibẹ̀ la sì bí ọmọ wa obìnrin sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni lọ́jọ́ tí onílé wá. Ó dá mi lójú, nítorí mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí, pẹ̀lú bó ṣe ga tó àti eyín tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ìyàwó mi fẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti sú u láti máa fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí eku, ó ti sú u kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá máa yọjú wo ohun tí a ń jẹ. Èmi fẹ́ ilé ilẹ̀.

“Dádì, òkè lafẹ́fẹ́ wà,” ló wí.

“Òkè náà ni wọ́n ti ń já bọ́.”

“Ta ló já?”

Ó mọ ẹni tó já. Níbi iṣẹ́ wa ni. Ìdí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé ni mo wà, ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, láti ọdún tí mo ti jáde ní girama. Ní ọdún tí ọmọ wa ń kọ́ ìrìn, ẹnì kan nínú wa gbé páálí ìwé láti òkè, páálí náà bo ojú rẹ̀, kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a jókòó sí tí a ń dúró, ọmọ kan wà níwájú mi tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka, ìyá rẹ̀ sì gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan tirẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù ẹlòmíràn. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, sà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ọmọ mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí a bá lọ kí èèyàn lókè, màá gbé e. Bí a bá gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Onípáànù, màá gbé e, ìbáà jẹ́ pé mo di báàgì mẹ́ta mú lọ́wọ́ kejì. Ìyàwó mi ní ọmọ náà yóò máa rò pé àtẹ̀gùn jẹ́ ohun tí ọkùnrin ń gbé èèyàn kọjá ni.

Ajẹ́ntì kọ́kọ́ mú wa lọ sí Bàrígà. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá kan àti pálọ̀, pẹ̀lú ilé ìdáná tí a kò ní bá ẹnikẹ́ni pín, ní òpópónà tó dagun díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀sà. Bí mo ṣe wọlé ni ọkàn mi balẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn kankan. Ẹnu ọ̀nà ga ju ilẹ̀ lọ ní ìǹṣì méjì péré, ọmọ mi sì fò ó kọjá, ó ń sáré láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé.

Mo máa ń mú rúlà irin kiri nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Ohun iṣẹ́ ni. Bí mo bá ṣì í gé díẹ̀, tó kéré ju ìbú èékánná lọ, gbogbo ìwé tó wà nínú òkìtì yẹn ló bàjẹ́, nítorí náà ojú mi kì í kúrò lára ohun tó bá gún tàbí tó bá wọ́. Ní ilé náà, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n sì fi aláwọ̀ mílíìkì kun òkè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà méjèèjì ti pàdé gún ju ti ilé mìíràn tí mo ti rí lọ. Mo fa rúlà yọ. Ìǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ilẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pálọ̀. Ìǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní yàrá. Ní ilé ìdáná ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìlà náà kò tẹ̀ lé ilẹ̀, ó lọ gbọnrangandan láti ògiri dé ògiri.

“Ta ló kun ilé yìí?” ni mo bi ajẹ́ntì.

Ó wo ògiri, ó wò mí. “Pẹ́ńtà kan ni, ọ̀gá mi.”

“Ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an ni.”

“Àwọn tó mọṣẹ́ ṣì kù, sà,” ni ajẹ́ntì dáhùn, ó sì yára ṣí fèrèsé.

Mo ti gba ilé náà lọ́kàn kí a tó jáde. Mo rò pé onílé tó bá lè mú pẹ́ńtà tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò fara balẹ̀ nínú ohun gbogbo. Ìyàwó mi kàn ń fa imú, bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó fẹ́ kan.

Àṣà àwọn òbí mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilé gbọ́dọ̀ dá padà lọ kí ẹni tó máa jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, láìmú ajẹ́ntì dání. Ṣakí ni wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe gba gbogbo ilé tí wọ́n gbé ní Èkó. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo padà lọ sí Bàrígà. Bàbá kan ń tún fáànù ṣe níwájú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé orí búlọ́ọ̀kù ni ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, mo sì rò pé nítorí kó má baà máa bẹ̀rẹ̀ ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí ni mo fẹ́ gbà. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá kí yín.”

“O káre. Àwọn mìíràn kì í kí èèyàn mọ́. Ṣé o lọ́mọ?”

“Ọ̀kan, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rin.”

“Ṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sórí tábìlì?”

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín fún ọ̀wọ̀ rẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé náà: bó ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí kò ṣe sí àtẹ̀gùn, bí pẹ́ńtà ṣe fa ìlà tí kò yẹ̀ rárá láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Bàbá náà gbé sukurudíráfà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

“Pẹ́ńtà kẹ̀?” ló wí. “Ọmọ mi, omi ló fa ìlà yẹn. Ọdọọdún ló ń wá fà á. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì léra, gọ́tà á kún, ọ̀sà á ní òun ò gba omi mọ́, omi á padà wá sílé. Ibi tó bá dé sí lára ògiri, pẹ́ńtà á wá fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó. Àbí o ti wọ̀n ọ́n ni?”

“Mo wọ̀n ọ́n, sà.”

“Ẹn-hẹ́n. Èló ni tọdún yìí?”

Mo sọ fún un. Ó ní ti èṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá tọ́ka sí inú pálọ̀ tirẹ̀, mo sì rí i pé orí búlọ́ọ̀kù ni fíríìjì wà, orí búlọ́ọ̀kù ni bẹ́ẹ̀dì wà, àti pé orí búlọ́ọ̀kù kan náà ni àpótí ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ó ní òun kò lè kúrò, ilé bàbá òun ni. “Ṣùgbọ́n ìwọ, kí ló lé ẹ wá?”

Mo délé, mo pe ọmọ mi kó wá dúró ti ògiri. Ìǹṣì mọ́kàndínlógójì ni gíga rẹ̀. Mo fi rúlà wọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè. Abẹ́ apá rẹ̀ ló bọ́ sí. Irin náà tutù sí i lára, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ká apá mọ́ra, èmi sì dúró síbẹ̀, mi ò lè mú rúlà náà kúrò. Omi gọ́tà, dé abẹ́ apá ọmọ mi, nínú ilé tí mo fúnra mi yàn nítorí kí ewu má baà wu ú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó kọ́kọ́ pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ yin pẹ́ńtà! Dádì, ẹ yin pẹ́ńtà! Ẹ tún ní ọwọ́ rẹ̀ dára!”

“Ó tó.”

“Ẹ ò bá kúkú gba nọ́ńbà rẹ̀.”

Ẹ̀rín náà mú èmi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tán, ohun tó kù níwájú wa ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ti Ṣómólú ni ajẹ́ntì mìíràn mú wa lọ wò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Onípáànù. Àlàájà kan ló nilé, arúgbó tí ìdílé rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí títì tó dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ lòun ń gbé. Òkè ló ṣófo: yàrá méjì, pálọ̀, àti bákónì kan tó kọjú sí òpópónà. Mo gbé ọmọ mi sápá òsì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di irin mú, mo sì ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń gòkè. Mẹ́rìndínlógún ni. Nígbà tí a dókè, mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo wá wọn àtẹ̀gùn náà. Gbogbo wọn ga ní ìǹṣì méje, àyàfi ẹyọ kan, ìkẹta láti òkè, tó ga ní mẹ́jọ àtààbọ̀. Mo wọn àlàfo tó wà láàárín irin bákónì: ìǹṣì mẹ́fà.

Àlàájà ti gun òkè tẹ̀ lé wa, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ń wò mí.

“Onírúlà, kí lo ń wá?”

“Irin yìí fẹ̀ síra, mà. Mẹ́fà ni. Orí ọmọ mi, márùn-ún àtààbọ̀ ni.”

“O wọn orí ọmọ kí o tó wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó yíjú sí ìyàwó mi. “Ìyàwó, ṣé ara ọkọ rẹ yá báyìí?”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà. Ẹ bá wa mú sùúrù.”

Mo ní kó jẹ́ kí n pe wẹ́dà kó fi irin kún àárín irin. Ó ní rárá. Ọkọ òun tó ti ṣaláìsí ló ya àwòrán irin yẹn sórí ìwé fúnra rẹ̀, kò sì sí wẹ́dà tó máa kan án lójú òun. Ṣùgbọ́n ó ní bí mo bá fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó láti inú, kí n fi okùn so ó, òun ò ní sọ nǹkan kan. Mo wá sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kẹta.

“Ìyẹn?” ló wí. “Bíríkìlà ló ṣì í wọ̀n. Ẹni tó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, àlejò ni. Ará ilé kì í kọsẹ̀ níbẹ̀.”

Irú ìdáhùn yẹn kò wúlò fún mi. Mo rò pé obìnrin yìí kò ka ẹsẹ̀ ọmọdé sí. A lọ, a tún padà wá nítorí ìyàwó mi kò dákẹ́, a sì tún lọ. Oṣù méjì ti kọjá nínú oṣù mẹ́ta wa. Onílé wa ti ká ìdajì òrùlé kúrò lórí yàrá àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ti kó lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta tí a wá, mo ti ra nẹ́ẹ̀tì, mo sì ti gé e dọ́gba pẹ̀lú irin bákónì. Mo ti pinnu pé bí a bá máa gbé ibẹ̀, èmi ni màá máa gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò máa gbé e gòkè lọ́sàn-án. Mo sọ ọ́ fún Àlàájà kí ó lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe aláìbìkítà. Orí àga kékeré ló jókòó sí ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ọmọ mi wà lápá mi bó ṣe máa ń wà.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wá,” ni Àlàájà wí. “Ọmọ yìí ò tíì fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn mi.”

“Mi ò fẹ́ kó já, mà.”

“Ìyẹn ló máa fi já. Gbogbo èyí tí mo ti rí tó já ní àdúgbò yìí, àwọn tí wọ́n máa ń gbé sápá ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé gbé e, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ.” Ó gbé tẹ̀súbáà sí itan. “Gbọ́, Onírúlà. Bí a ṣe ń ṣe é nílé yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Kí ẹrù tó wọlé, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi níbí yìí lẹ́ẹ̀mẹta, òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ mi ṣe é. Àwọn ọmọ ọmọ mi ṣe é. Ọmọ ayálégbé tí kò bá lè ṣe é, màá ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá nígbà tó bá lè ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fara pa nílé mi.”

Mo wò ó. Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

“Bó bá já ńkọ́, mà?”

“Ìyá rẹ̀ á wà lókè. Ìwọ á wà níbí. Gbé e kalẹ̀.”

Ọwọ́ mi kò fẹ́ tú. Ìyàwó mi ló wá gba ọmọ náà lápá mi, ó sì gbé e kalẹ̀. Àlàájà pè é súnmọ́ ara rẹ̀.

“Ṣé o máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Báwo lo ṣe ń ṣe é?”

Ọmọ náà yí ẹ̀yìn padà, ó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

“O ò rí i? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kọ ẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. Má kánjú. Lọ sókè pẹ̀lú mọ́mì rẹ.”

Ó fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dókè, mo rí i pé ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ gíga rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé: “Wọ́ọ̀nù.” Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. “Túù.” Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kò sì kan nǹkan kan. Àtẹ̀gùn tó ga ní mẹ́jọ àtààbọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ nínú òfuurufú, ìǹṣì kan àtààbọ̀ péré ló kù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun kò mọ̀. Mo ya ẹnu láti pariwo. Àlàájà fi ọ̀pá kan mi lẹ́sẹ̀.

“Dákẹ́. Bí o bá pè é, yóò wẹ̀yìn.”

Mo dákẹ́. Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ padà. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀, ó fi ikùn lélẹ̀ pátápátá, ó sì jẹ́ kí ara rẹ̀ máa yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. “Tírì!” Ó pariwo rẹ̀. Ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé méjìlá, tí ìmọ̀ rẹ̀ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ó dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eruku lára gáùn, ó sì wo ojú Àlàájà, kò wo tèmi.

“Ó ku méjì,” ni Àlàájà wí.

Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó ka “túù” tán, kò tilẹ̀ na ẹsẹ̀ wá nǹkan kan. Ó ti fi ikùn lélẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìwọn ohunkóhun. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, pé ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ọmọ yìí sápá, tí mo ń kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀, tí mi ò sì béèrè rí pé kí ni òun fúnra rẹ̀ lè ṣe. Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ó ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rí i pé ọmọ kan lè mọ ibi tí ewu wà, kó sì mọ ohun tó máa ṣe sí i.

“Ìgbà wo lẹ máa kó dé?” ni Àlàájà bi mí.

“Sátidé, mà, bí òjò kò bá rọ̀.”

“Bó bá rọ̀, ẹ máa bọ̀. Omi kì í gun àtẹ̀gùn mi.”

Ìyàwó mi gbọ́ ọ lókè, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa fún ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

“Dádì, ẹ má wò mí.”

“Kí ló dé?”

“Bí ẹ bá ń wò mí, ẹ̀rù á bà mí. Ẹ wo ọ̀ọ́kán.”

Àlàájà gbé tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ń kà á lọ. Mo yíjú sí òpópónà. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Obìnrin kan ń sá aṣọ iléèwé sórí okùn ní ilé òdìkejì. Mo di ọwọ́ méjèèjì mú pọ̀ sẹ́yìn, mo ń wo aṣọ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn mi: wọ́ọ̀nù, túù, ìdákẹ́jẹ́ tó pẹ́ díẹ̀, gáùn tó ń họ ara símẹ́ńtì, tírì. Mi ò yíjú. Ohùn náà ń sún mọ́ mi, ó ń balẹ̀ sí i, títí ọwọ́ kékeré kan tí eruku bò fi fa ṣòkòtò mi lẹ́yìn.

“Ó yá,” ló wí. “Ẹ lè wò mí báyìí.”